Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fà Sí Mi Lára

Ilé Míṣọ́ọ̀nù,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀.

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Ìlọrin kò tiẹ̀ jókòó mu omi, ó ní èrò ń dúró de òun. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Mo bá ọ yọ̀ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì bá ọ yọ̀ pé àwọn òbí Gbénga ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Màmá rẹ ì bá jó yí ilé yìí ká. Ara mi le díẹ̀. Ikọ́ náà kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mo sì ń gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì mí mú.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí n lè fèsì láti ọjọ́ náà. O ní wọ́n gbé obìnrin kan tí àrùn éèdì ń ṣe wá sí wọ́ọ̀dù yín, àwọn nọ́ọ̀sì yòókù kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. O ní ìwọ lo wẹ̀ ẹ́, ìwọ lo pààrọ̀ aṣọ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ọ ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ pé wọ́n bi ọ́ léèrè ìdí tí ẹ̀rù kò fi bà ọ́, o sì dá wọn lóhùn pé: "Àrùn yìí kan náà ló ń ṣe bàbá mi. Ṣùgbọ́n ti bàbá mi yàtọ̀. Àlùfáà ni wọ́n, wọn ò ṣe ìṣekúṣe kankan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí wọn lára ló kó o bá wọn."

Títí, ti bàbá rẹ kò yàtọ̀.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo gbé bírò sílẹ̀, mo dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tún padà wá. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́, pa á pọ̀ títí wàá fi délé. Ó yẹ kí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjìlá, Ẹ̀rúwà la ṣì ń gbé. Màmá rẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi sì ni àlùfáà ìjọ kékeré tó wà lẹ́bàá ilé ìwé náà. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Àbíjàn kọ̀wé pé àwọn ń wá àlùfáà tí yóò máa fi èdè wa wàásù fún àwọn. Bíṣọ́ọ̀bù dárúkọ mi. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n ní kí n lò níbẹ̀. Màmá rẹ ní òun lè gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí gbogbo wa jọ lọ. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ẹ̀kọ́ rẹ yóò dàrú, mo ní ọ̀nà jìn, mo ní ilé tí wọ́n fún mi kò tóbi. Ìwọ̀nba òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé inú mi dùn pé èmi nìkan ń lọ. Láti kékeré ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ mí ní Ìbàràpá yìí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ àgbẹ̀ tó kàwé. Mo fẹ́ dé ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí, kí n kàn jẹ́ Rẹ́fúrẹ́ǹdì.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ ọ̀hún tó ń ta aṣọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Opó ni. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ wá. Má ṣe jókòó sí Ìlọrin kí o máa bú obìnrin náà, nítorí kò tàn mí. Èmi àgbà ọkùnrin ni mo ń sọ fún un pé kó dúró díẹ̀ ká jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá gbé abọ́ sílẹ̀. Mo ní àárò ilé ló ń sọ mí. Nígbà tó yá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan mọ́. Oṣù mẹ́jọ la fi wà bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà, mò ń dúró níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ Olúwa, ohùn mi kò sì gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù tí mo bá ronú kàn án. Mo rò pé ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ní láti gbọ̀n.

Mo padà wálé. Mo gbé aṣọ wá fún màmá rẹ, o sì rántí bàtà pupa tí mo rà fún ọ. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ Àbíjàn ti parí sí Àbíjàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la bí Ìfẹ́olúwa. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ nítorí ìwọ lo máa ń pọ̀n ọ́n tí o bá ti ilé ìwé dé. O mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe funfun tí kò fi lè mu ọmú mọ́, àti bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe gbé e títí tó fi fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ. Kò pé ọmọ ọdún méjì tí a fi sin ín. Àwọn kan ní eyín ló ń hù, àwọn kan ní àbíkú ni. Èmi ni mo ka ìwé ìsìnkú lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbé wa wá sí Igbó-Ọrà. Ọdún tí a dé ibí ni mo ṣubú lórí ọ̀kadà nígbà tí mò ń ti abà kan bọ̀ lọ́nà Ìgàngán. Itan mi dá, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé mi dé Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló gbà mí là. Èmi fúnra mi ni mo wá jẹ́ kí wọ́n máa ba ẹ̀jẹ̀ náà lórúkọ jẹ́.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, màmá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. O wà ní ilé ìwé girama, nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà o kò rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibà lónìí, inú rírun lọ́la, nígbà tó yá egbò yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. A lo oògùn títí. Ní Ìbàdàn, dókítà ọ̀dọ́ kan pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ jókòó, sà. A rí kòkòrò éèdì nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín. Ẹ̀yin náà ní láti yẹ ara yín wò."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Nígbà tí mo padà lọ gbọ́ èsì, èsì tèmi kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Dókítà náà wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí itan mi dá."

Ó ní, "Ẹn-hẹ́n," ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Bí mo ṣe ń jáde ni mo mọ̀ pé mo ti rí ibi sá sí.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé màmá rẹ jókòó sórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn àárọ̀ lè ta sí i lára. Ó ní, "Bàbá Títí, kí ni dókítà sọ?"

Mo sọ fún un. Mo dárúkọ àrùn náà. Mo wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára nígbà tí mo ṣubú ni. Èmi ni mo kó o bá ọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀."

Ó ń wo àwọn adìyẹ tó ń tú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé àrùn yìí náà ló pa Ìfẹ́olúwa?"

Mi ò ronú kí n tó dáhùn. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun."

Ó ní, "Ìfẹ́olúwa kú kí ẹ tó ṣubú lórí ọ̀kadà."

Títí, ibi tó yẹ kí n ti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Ṣe ni mo ní, "Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn ló pa ọmọ náà." Ó yí ojú sí mi. Ojú rẹ̀ kò le. Bó bá bínú, bó bá bú mi, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá jáde lẹ́nu mi. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi fa ẹní yìí sí ibòòji, oòrùn ti ń mú."

Mo fa ẹní náà sí ibòòji.

A kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan kó kú. Ọ̀sán ni, mò ń fi omi sí i lẹ́nu. Ó ní, "Títí ni kí ẹ sọ fún. Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún un?"

Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó tó ìgbà mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ yẹn tí mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́, tí mo sì fi àdúrà rọ́pò rẹ̀. Màmá rẹ kú láìgbọ́ "dárí jì mí" lẹ́nu mi. Mo sọ fún ìwọ àti gbogbo ẹbí pé jẹ̀díjẹ̀dí àti ibà ni.

Bó o bá ṣe ń ka ìwé yìí, wàá máa bi ara rẹ pé ta wá ni ọkùnrin tó dìde nínú ìjọ tó ní òun ní éèdì, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó láyà. Èmi náà ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú màmá rẹ, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ ti Èkó dé, ó rù kan egungun, ó kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ènìyàn yóò máa nàka sí àwọn. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la dúró lẹ́bàá sàréè, pẹ̀lú àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ìyá náà kò sunkún, ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń wo ọ̀nà. Mi ò lè fara dà á. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo parí ìwàásù, mo ní, "Ẹ̀yin ará, àrùn tó pa ọmọ yẹn wà lára èmi náà. Òun ló pa ìyàwó mi. Bí ẹ bá máa sá fún un, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sá fún."

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ Àbíjàn wà ní orí ahọ́n mi, mo fi ẹ̀mí mi búra fún ọ. Bàbá Akọ̀wé ló dìde, akọ̀wé ìjọ wa tó ti darúgbó, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí Bàbá lára nígbà tí wọ́n ṣubú ni! Lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n ti kó o! Bàbá ò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin wá dì mọ́ mi lórí aṣọ funfun tí mo wọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n sunkún. Mi ò purọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn ló bá mi pa á, èmi sì gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ tí o mọ̀ mí mọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan kọ̀ láti mu nínú ife ìdàpọ̀ Olúwa lẹ́yìn mi, mo bá ní kí gbogbo wọn máa mu kí èmi tó mu. Àwọn kan ní kí Bíṣọ́ọ̀bù gbé mi kúrò. Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹni tí kò jẹ̀bi, nítorí kí ni mo fi fẹ́ jẹ ẹ́ níyà?" Mo gbọ́ ọ, mo sì ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo gun ọ̀kadà kiri Ìdèrè, Táápà, Lànlátẹ̀, Ìgàngán. Mo wọ ilé ìwé, mo wọ ibùdókọ̀. Ímáàmù kan gbà mí láyè láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo mọ àwọn tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn tó ń ṣàìsàn sùn nínú ilé dípò abà. Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ yẹn. Níbi gbogbo tí mo bá dé, ẹni tó bá mú mi lọ yóò kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ náà fún wọn kí n tó sọ̀rọ̀. Wọn yóò káàánú mi. Èmi yóò wá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ràfátù ló wá tú mi fó.

Aránṣọ ni Ràfátù, ọmọ Ìgàngán. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, àrùn yìí ló pa á. Nígbà tí ara Ràfátù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn ará ilé ọkọ ní òun ló pa ọmọ àwọn, wọ́n lé e jáde. Abà ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n mú mi débẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí n ṣe àdúrà fún òun. Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọmọbìnrin tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó wo agbádá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ta ló rán èyí fún yín? Ọrùn rẹ̀ wọ́. Ẹ jẹ́ kí ara mi yá ná." Nínú oṣù tó lò kẹ́yìn láyé, mo ń sọ fún un bí mo ṣe máa ń sọ fún gbogbo wọn pé kó má ṣe tijú, pé àrùn ni, kì í ṣe ègún, pé èmi náà nìyí.

Ó ní, "Bàbá, tiyín yàtọ̀. Ẹ̀yin, wọ́n kó o bá yín ni. Èmi, wọ́n ní mo lọ wá a."

Mo ní, "Ìwọ náà ò lọ wá a. Ọkọ rẹ ló kó o bá ọ."

Ó ní, "Ta ló máa gbà? Bàbá mi pàápàá ò gbà. Wọ́n ní bí mo bá mọ́ bíi ti Pásítọ̀ ni, wọn ì bá káàánú mi."

Títí, orúkọ mi ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ yẹn níyà. Mímọ́ tí mo jẹ́ kí wọ́n pè mí ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, bóyá ì bá rẹ́rìn-ín, bóyá ì bá bínú sí mi, ṣùgbọ́n kì bá tí kú pẹ̀lú èrò pé òun nìkan ni ẹlẹ́gbin nínú àwa méjèèjì tó wà nínú yàrá náà. Òun tí kò ṣe nǹkan kan! Mo la ẹnu. Mo ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà."

Nígbà tí mo máa padà lọ, ó ti kú. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn obìnrin tó máa ń wẹ òkú kò wá. Òun nìkan ló wẹ ọmọ òun. Ó jókòó sórí àpótí, ó na aṣọ kan sí mi, èyí tí Ràfátù fi sílẹ̀ pé kí wọ́n fún mi. Agbádá mi ni. Mo ti gbàgbé pé mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ti tún ọrùn rẹ̀ ṣe.

Oṣù méjì nìyẹn. Mo ń wá bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà rẹ tó dé. Ọmọ mi náà ti wá ń sọ ọ́ nínú wọ́ọ̀dù, lórí obìnrin mìíràn, pé ti bàbá òun yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá sọ ohun tí mo ṣe fún ìjọ. Mo ti sọ fún Bàbá Akọ̀wé. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló bi yín? Wọ́n máa lé yín jáde nínú ilé yìí pẹ̀lú ara àìdá yín." Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde lọ, wọn ò kí mi pé ó dàbọ̀. Mi ò bá wọn wí, nítorí mo ti jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn purọ́ fún ọdún mẹ́rin láìmọ̀. Mo ti kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù náà. Ṣùgbọ́n ìwọ ló yẹ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kí ìjọ tó gbọ́.

Bàbá tó ṣe gbogbo èyí, ìmọ̀ràn wo ló tún kù lẹ́nu rẹ̀? Síbẹ̀, o ń lọ sílé ọkọ, o sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò sì mọ iye ìgbà tí màá tún lè jókòó kọ̀wé tó gùn báyìí. Gba ìwọ̀nba tí o bá lè gbà.

Èkíní, lórí iṣẹ́ rẹ. Má ṣe bi aláìsàn léèrè bí àrùn ṣe dé ara rẹ̀ kí o tó pinnu bí wàá ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ìwé àyẹ̀wò bá ní kí o bi í, bi í, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì gbàgbé rẹ̀. Má ṣe pín wọn sí méjì, ẹni tó yẹ ká káàánú àti ẹni tí kò yẹ. Padà lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, kí o ṣàtúnṣe ohun tí o sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro. Bó o bá fẹ́, sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o sọ ọ́.

Èkejì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwọ àti Gbénga, ẹ jọ lọ, ẹ jọ gba èsì, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ gbà á. Bí ìdílé rẹ̀ bá ní ìtìjú ni, sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́ di dandan. Ọkàn mi balẹ̀ nípa tìrẹ, nítorí mo ti bí ọ tipẹ́ kí n tó lọ sí Àbíjàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ.

Bí iṣẹ́ bá gbé ọ̀kan nínú yín lọ sí ìlú mìíràn, ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ bá lè ṣe láti jọ lọ. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ máa sọ fún ara yín bí ẹ bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́tà tí mo ń kọ sí màmá rẹ láti Àbíjàn, ìròyìn ìjọ ló kún inú rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ rí pé àárò ilé ń sọ mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Mo rò pé ó máa bù mí kù lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá ṣẹ ọkọ rẹ, bó ti wù kó burú tó, sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè bínú sí ọ. Fún un ní àyè láti bínú. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ màmá rẹ. Ó gbé e mì, ó sì gbé e lọ. Mo máa ń ronú pé bóyá ó ti dárí jì mí, mo sì máa ń ronú pé bóyá kò rí okun tó lè fi bínú ni. Mi ò ní mọ̀ láyé yìí.

Má ṣe torí tèmi sá fún Ọlọ́run. Èyí ni mo bẹ̀ ọ́ jù. Ohun tí mo ń fi kọ́ ọ láti kékeré kò di irọ́ nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ jẹ́ òpùrọ́. Mo ṣì ń gbàdúrà. Ní báyìí tí mo ti pinnu láti sọ ọ́, ohùn mi máa ń gbọ̀n, mo sì ń dúpẹ́ fún un.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Ẹni tí mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ti lọ, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ rẹ ni màá ti gba ìdáríjì dípò ọwọ́ màmá rẹ. Bínú. Bó o bá fẹ́ kọ̀wé bú mi, kọ ọ́, màá kà á tán. Bó o bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láìsí èsì fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni sí ọ.

Nípa ọjọ́ ìgbéyàwó, mo ti bá ẹ̀gbọ́n màmá rẹ sọ̀rọ̀. Bó o bá fẹ́ kí wọ́n fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́ dípò mi, wọ́n ti gbà, o kò sì ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Màá wọ aṣọ mi bíi ti gbogbo ènìyàn, màá jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ikọ́ mi kò ti ní dí ìsìn lọ́wọ́. Jẹ́ kí n kàn rí ọ bí o ṣe ń wọlé.

Bàbá rẹ.